Oúnjẹ Tí Kò Dá Ẹnikẹ́ni Dùbúlẹ̀ Rí

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló fi ṣe alásè nílé ìwòsàn. Ọgọ́fà ibùsùn, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Iye èèyàn tí oúnjẹ rẹ̀ dá dùbúlẹ̀ nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn: òdo.

Lóòótọ́, àwọn tó ń jẹ ẹ́ ti dùbúlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́ tirẹ̀.

Ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Ìyá Òdo. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe. Nígbà tó yá, ó di oyè. Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, ọ̀gá pátápátá dìde, ó ka ọ̀rọ̀ láti inú ìwé, ó dárúkọ òdo náà lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún un ní aago ògiri. Aago náà kú lọ́jọ́ kejì. Òdo náà ṣì wà láàyè.

Àwọn mìíràn fẹ̀yìn tì, wọ́n kó ṣíbí lọ sílé. Òun kó òfin.

Kì í fi iyọ̀ sínú ìkòkò. Orí tábìlì ni iyọ̀ wà, nínú ìgò kékeré, fún ẹni tí dókítà bá gbà láyè. Ọkùnrin kan wá tún páìpù rẹ̀ ṣe, Ìyá Òdo bu oúnjẹ fún un, ọkùnrin náà na ọwọ́ sí ìgò. "Ìgbà wo ni wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kẹ́yìn?" Ọkùnrin náà fa ọwọ́ padà. Kò padà wá mọ́, bẹ́ẹ̀ páìpù náà ṣì ń jò.

Ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi ń wọn ìgbóná. Ó máa ń gún un wọ àárín oúnjẹ, á ka nọ́ńbà, á kọ ọ́ sílẹ̀. Oúnjẹ tí kò bá tó nọ́ńbà, ó padà sórí iná. Kò sí bẹ̀bẹ̀.

Ṣùgbọ́n èyí tó ya àwọn aládùúgbò lẹ́nu jù ni ìpín ẹlẹ́rìí. Nílé ìdáná ilé ìwòsàn, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, alásè á kọ́kọ́ bu ṣíbí méjì nínú oúnjẹ ọjọ́ náà sínú ike kékeré olómorí. Á kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára. Ó di inú fìríìjì, fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí inú ẹnikẹ́ni bá dàrú, ike yẹn ni wọ́n máa gbé lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Bí inú ẹnikẹ́ni ò bá dàrú, wọ́n á dà á nù. Ìyá Òdo ti fẹ̀yìn tì láti ọdún mẹ́rin. Ó ń dá gbé. Ó ṣì ń bu ìpín ẹlẹ́rìí. Òun ló ń sè é, òun ló ń jẹ ẹ́, òun náà ló ń pa ẹ̀rí mọ́ de ara rẹ̀.

Ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọjọ́. Oúnjẹ. Ìgbóná. Iye ẹni tó jẹ ẹ́. Iye ẹni tó ṣàìsàn. Àlàfo tó kẹ́yìn yẹn, òdo ló kún inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tò bí ẹyin.

Ó bí ọmọkùnrin kan ṣoṣo. Ọmọ náà ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, inú àjà àwọn ilé ńláńlá ló ti ń lo ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Gbogbo Sọ́ńdè, agogo kan ọ̀sán, ó wà lẹ́nu ọ̀nà ìyá rẹ̀. Á jókòó. Á jẹ díẹ̀. Bí ẹni tó ń buwọ́ lùwé ló ṣe máa ń jẹun: kíá, láìka ohun tó wà níbẹ̀. Á ní, "Ó dára, Màámi." Ìyá rẹ̀ gbà pé iṣẹ́ inú àjà ló sọ ikùn rẹ̀ di kékeré.

Ní ọdún yìí, ó mú àfẹ́sọ́nà wá. Ọmọbìnrin náà ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà. Ó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà débi pé bí ẹnikẹ́ni bá ṣe nǹkan kíákíá níwájú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ àlùbọ́sà ni onítọ̀hún ń gé, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ á tẹ ilẹ̀. Ìyá Òdo bi í léèrè lórí fóònù pé oúnjẹ wo ló fẹ́ràn jù. Ohùn ló fi ránṣẹ́ padà.

"Mà, ẹ káàárọ̀, Mà. Ó rọrùn gan-an. Tòtíyà ni, búrẹ́dì pẹlẹbẹ yẹn, wọ́n ń tà á nínú ọ̀rá. Ẹ din ẹran lílọ̀ pẹ̀lú àlùbọ́sà, ẹ da tòmátì àti ata sí i, kó kì díẹ̀. Ẹ tẹ́ tòtíyà sínú páànù, ẹ da ẹran lé e, ẹ wọ́n wàràkàṣì sí i, ẹ tún tẹ́ tòtíyà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí páànù á fi kún. Ẹ tì í sínú ààrò gáàsì. Tí òkè ẹ̀ bá ti ń hó, tó pọ́n, ó parí nìyẹn. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ó pọ̀ jù. Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀... Dúró! Mo ní dúró! Tẹ̀ ẹ́! Kì í ṣe ẹ̀yin, Mà."

Ìyá Òdo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fa ìlà sábẹ́ "hó" àti "pọ́n". Kò sí èyí tó jẹ́ nọ́ńbà nínú méjèèjì.

Ó sè é bí alásè ilé ìwòsàn ṣe máa sè é.

Ó bọ ẹran náà, ó da omi ọ̀rá rẹ̀ nù, ó tún un bọ̀. Ó se àlùbọ́sà títí kò fi lágbára mọ́. Ó yọ hóró ata. Ó bó èèpo ata. Ó ronú díẹ̀, ó wá yọ ata náà kúrò pátápátá. Ó rẹ wàràkàṣì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ fún wákàtí kan kí iyọ̀ inú rẹ̀ lè jáde, ó sì pààrọ̀ omi náà lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti máa ń ṣe é fún yàrá àwọn alárùn kíndìnrín. Wàràkàṣì náà jáde bí ọṣẹ tó sùn sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ó tẹ́ ẹ. Ó tò ó. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dọ́gba dáadáa. Nígbà tó gún irin sí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àárín ti tó nọ́ńbà, igun mẹ́ta ti tó nọ́ńbà, igun kan fi méjì dín. Nítorí igun kan yẹn, gbogbo páànù padà sínú ààrò. Nígbà tó fi jáde, ó ti lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òkè rẹ̀ ti kọjá pípọ́n.

Ó bu ìpín ẹlẹ́rìí. Ó kọ wákàtí sí i. Aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Nígbà tí agogo kan lù, àwọn méjèèjì ti wà nídìí tábìlì.

"Ìyàwó mi, ṣé ó tó?"

"Ó tó, Mà. Ó ti tó gan-an."

"Ṣé kí n fi díẹ̀ kún un?"

Olùkọ́ mọ́tò wo ojú ìyá ọkọ rẹ̀. Ojú náà ń retí nǹkan. "Ẹ fi kún un, Mà."

Ó jẹ ìpín kejì bí mọ́tò tó di ẹrù ṣe ń gun òkè. Ọmọkùnrin jẹ ìdajì ìpín kan. "Ó dára, Màámi," ó wí.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, fóònù dún.

"Màámi, ẹ káàárọ̀. Ẹ má jáyà o."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìyàwó yín ni. Ó ti ń bì láti ìdájí. Ìgbẹ́ gbuuru náà wà níbẹ̀. A ti dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, wọ́n ti fún un lóògùn. Wọ́n ní oúnjẹ ni."

Ìyá Òdo fi ọwọ́ wá àga lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Kí ni ẹ̀ẹ̀melòó?"

"Ó lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀melòó?"

"Bíi mọ́kànlá. Màámi, mi ò sọ pé oúnjẹ yín ni o."

"Ta ló ní o sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo kàn ní mi ò sọ ọ́ ni."

"Ìwọ ńkọ́? Inú rẹ ńkọ́?"

"Kò ṣe mí ní nǹkankan."

Ó jẹ ìdajì. Ọmọbìnrin náà jẹ méjì. Ìṣirò náà kò le.

Ó gbé ìwé rẹ̀. Ìlà ọjọ́ Sọ́ńdè. Iye ẹni tó jẹ ẹ́: mẹ́ta. Àpótí tó kẹ́yìn ṣófo. Ó di kálàmù mú. Kò lè kọ òdo. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà mìíràn síbẹ̀. Ó jókòó síwájú àpótí kékeré náà bí ẹni jókòó síwájú adájọ́. Igun tó fi méjì dín yẹn. Ó ti tó nọ́ńbà nígbà tó yá. Àbí ó tó o? Ṣé igun yẹn gan-an ló gé fún ọmọ ọlọ́mọ?

Ó gbé ike ẹlẹ́rìí jáde nínú fìríìjì, ó fi yìnyín yí i ká nínú báàgì, ó wọ bọ́ọ̀sì. Obìnrin tó jókòó tì í rí i bó ṣe di báàgì náà mọ́ra pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ kú ẹrù, Mà. Ṣé oúnjẹ ni?"

"Ẹ̀rí ni."

Obìnrin náà sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀ lórí àga.

Ọkùnrin tó wà ní yàrá àyẹ̀wò ilé ìwòsàn, Aláwò ni wọ́n ń pè é, nítorí awò méjì ló máa ń wà lójú rẹ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Inú rẹ̀ dùn láti rí i.

"Ìyá Òdo! Ẹ̀yin nìyí! Ẹ jókòó. Kí lẹ mú wá fún wa?"

"Bá mi yẹ èyí wò."

Aláwò wo ike náà, ó wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀. "Ìyá, ẹ ti fẹ̀yìn tì."

"Èmi ni mo fẹ̀yìn tì. Ẹran yẹn ò fẹ̀yìn tì."

"Ta ló jẹ nínú ẹ̀?"

"Àfẹ́sọ́nà ọmọ mi. Ó ń bì."

Ẹ̀rín bo ojú Aláwò. "Ó ń bì? Láàárọ̀? Ìyá Òdo, ẹ gbé ike yín nílẹ̀, ẹ lọ ra aṣọ ọmọ. Ọmọ-ọmọ ló ń bọ̀ yẹn."

"Ọmọ-ọmọ wo ló ń lé èèyàn lọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mọ́kànlá?"

Aláwò gba ike náà. Ó ní kó padà wá lọ́jọ́rú.

Láàrin Mọ́ńdè sí ọjọ́rú, kò se nǹkankan. Tíì àti bisikíìtì. Kò sí ohun tó ń wọn, kò sí ohun tó ń kọ. Nígbà tó di ọjọ́rú, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Aláwò kí Aláwò fúnra rẹ̀ tó dé.

"Kò sí nǹkankan níbẹ̀," Aláwò wí. "Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Gbogbo oúnjẹ ni kòkòrò máa ń wá gbé, ó kéré tán ẹyọ kan, méjì. Èyí, kò séyìí tó fẹ́ ẹ. Àwọn kòkòrò pàápàá wò ó, wọ́n kọjá lọ."

Ìyá Òdo dúpẹ́. Ó gbà á bí ìyìn. Lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ ló ti pe ọmọ rẹ̀.

"Kì í ṣe oúnjẹ mi. Kí ló tún jẹ?"

Ìró ẹ̀rọ tó ń lu ihò ń bọ̀ láti ẹ̀yìn fóònù. Ó dá. "Bóyá omi ni, Màámi."

"Omi ibo?"

"Tàbí ooru."

"Ooru."

"Ooru yìí ti pọ̀ jù. Ibi gbogbo ni wọ́n ti ń pè mí."

Ó padà sílé. Ó gbé ìwé. Kò tún lè kọ ọ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ṣíbí méjì lè mọ́ kí igun kan má mọ́. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá mọ ohun tó ṣe ọmọbìnrin náà, àpótí yẹn á ṣófo. Ó dé ìwé. Ó tún un ṣí.

Lọ́sàn-án Tọ́sìdeè, mọ́tò kan dúró síta, tí wọ́n lẹ àmì akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ níwájú àti lẹ́yìn. Olùkọ́ mọ́tò ló sọ̀kalẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn. Ìyá Òdo fa àga fún un.

"Mi ò ní lè jókòó kí n tó sọ ọ́, Mà."

"Sọ ọ́ lóòró."

"A ti jẹun kí a tó dé lọ́jọ́ Sọ́ńdè."

Ìyá Òdo fúnra rẹ̀ ló jókòó.

"Ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ sínú páálí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo. Òun jẹ adìẹ. Èmi jẹ ẹja díndín. Ẹja yẹn ń rùn díẹ̀, Mà. Mo sọ fún un pé ó ń rùn. Ó ní kí n ṣáà jẹ ẹ́. Ó ní bí mi ò bá jẹ ẹ́..."

"Bí o ò bá jẹ ẹ́ ńkọ́?"

"Ó ní ebi máa pa mí dalẹ́."

"Ẹja yẹn. Ṣé ó gbóná dé àárín?"

"Ó tutù, Mà."

"Ó tutù." Ìyá Òdo dìde. Ó gbé ìwé, ó ṣí ojú ewé Sọ́ńdè, ó kọ òdo sínú àpótí náà. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kó gbẹ. Òdo tó rẹwà. Ó dé ìwé náà, ó sì tún jókòó. Ìgbà yẹn ni ìyókù ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Dalẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

"Ṣé gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń jẹun níbẹ̀ kó tó wá?"

"Mà, ẹ ò ṣe bi òun fúnra ẹ̀?"

"Ìwọ ni mò ń bi. Ooru ni òun máa sọ."

Olùkọ́ mọ́tò wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. "Gbogbo Sọ́ńdè, Mà."

Ó di Sọ́ńdè mélòó lọ́dún mẹ́rin? Ìyá Òdo kò ṣírò rẹ̀. Nílé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì máa ń kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ilé ìdáná: jẹ ẹ́ tán, jẹ ìdajì, kò jẹ. Bí ẹnikẹ́ni ò bá jẹ, àìsàn ló fà á. Nínú ìwé wọn àti nínú ìwé tirẹ̀, kò sí àlàfo fún ohun mìíràn. Ó yà á lẹ́nu bí ìbéèrè náà ṣe kúrú tó nígbà tó jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ṣé oúnjẹ mi ò dùn ni?"

Iṣẹ́ olùkọ́ mọ́tò ni láti sọ òótọ́ fún àwọn àgbàlagbà tó rò pé àwọn ti mọ̀ ọ́n. Lójoojúmọ́ ló ń ṣe é. Ó fa àga náà, ó jókòó.

"Màmá," ó wí, "ẹ ò tíì lè bọ́ sójú títì."

Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, aago mọ́kànlá, olùkọ́ mọ́tò dé lóun nìkan, pẹ̀lú ọ̀rá méjì.

"Ẹ gbé abọ́ omi yẹn kúrò níbẹ̀, Mà."

"Wàràkàṣì ni mo fẹ́ rẹ."

"Kò sí alárùn kíndìnrín nínú ilé yìí. Ẹ rọra gbé e. Ó dáa. Ata ńkọ́?"

"Mo yọ ọ́."

"Ẹ dá a padà."

Wọ́n bá ara wọn jà lórí ọ̀rá ẹran. Olùkọ́ borí. Wọ́n bá ara wọn jà lórí irin ìgbóná. Ìyá Òdo borí. Àlùbọ́sà wọnú epo gbígbóná, ó pariwo, Ìyá Òdo sún sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tó gbọ́ irú ariwo bẹ́ẹ̀ nínú ìkòkò ara rẹ̀.

"Iyọ̀, Mà."

"Ó tó mélòó?"

"Díẹ̀."

"Díẹ̀ kì í ṣe nọ́ńbà."

"Ẹ fi ìka mú un. Ìka gan-an, Mà. Ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn."

Ó bọ́ ọ. Ìka mẹ́ta, ó fi mú iyọ̀, ó gbé e sókè ìkòkò, ó dúró síbẹ̀. Ó dúró pẹ́.

"Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí bíréèkì, Màmá."

Iyọ̀ náà bọ́. Kò sí ẹni tó kú.

Wọ́n gbé e jáde lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Ó ń hó. Ó pọ́n. Ìyá Òdo gún irin wọ àárín rẹ̀, ó gún un wọ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Gbogbo rẹ̀ ti kọjá nọ́ńbà. Ó wo irin náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Agogo kan lù, ọmọ rẹ̀ wọlé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Imú rẹ̀ gbé sókè.

"Kí ló ń ta sánsán báyìí?"

"Oúnjẹ ni. Ṣé o ti jẹun?"

Gbogbo Sọ́ńdè ló máa ń bi í bẹ́ẹ̀, gbogbo Sọ́ńdè ló sì máa ń ní rárá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wo àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń wo fèrèsé bí ẹni tó ń wo dígí ẹ̀yìn mọ́tò.

"Mo ti jẹ díẹ̀, Màámi."

"Adìẹ àbí ẹja?"

Ọmọ náà jókòó, kò sẹ́ni tó sọ fún un. "Adìẹ."

"Ó dára."

Abọ́ méjì ló wà lórí tábìlì. Ìyá Òdo gé e, ó bu sínú ọ̀kan, ó bu sínú èkejì. Wàràkàṣì náà ń fà láti páànù dé abọ́, bí okùn. Ọkùnrin náà ń fi ojú tẹ̀ lé okùn náà.

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n tọ́ ọ wò."

"O ti yó."

"Ṣíbí kan péré."

"Ẹni tó ti yó, tó tún kó oúnjẹ lé oúnjẹ, inú rẹ̀ lè dàrú. Ta ni wọ́n máa bá wí? Mi ò lè fi òdo mi ṣeré."

"Màámi, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Oúnjẹ là ń jẹ."

Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa oríta kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́tò ti máa ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò. Olùkọ́ jẹ ìpín mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Ìyá Òdo jẹ méjì, ó dúró, ó wo páànù, ó tún jẹ ọ̀kan. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lé tábìlì. Ó gbé e kúrò. Ó ní ooru pọ̀ lónìí. Wọ́n padà sórí ọ̀rọ̀ oríta náà.

Nígbà tí wọ́n parí, olùkọ́ mọ́tò ti páànù náà sọ́dọ̀ ọkùnrin náà.

"Lọ fọ̀ ọ́."

Ó gbé e lọ sí ilé ìdáná. Ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin méjèèjì dúró de ìró omi. Omi kò dún. Ìró ṣíbí ni wọ́n ń gbọ́, ó ń rọra ha igun páànù, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ ní igun mìíràn.

Olùkọ́ mọ́tò fẹ́ dìde. Ìyá Òdo fi ọwọ́ dá a dúró.

"Jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán."